Ìrìn-àjò ọkọ̀ àtijọ́ láti Màpó dé Ìtòkú: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Onípíjò, Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Mo ní ọkọ̀ Peugeot 404 kan tí bàbá mi rà ní ọdún 1967, tí ó sì fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwa mẹ́rìnlá ni a ní irú ọkọ̀ báyìí ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ló pọ̀ jù nínú wọn, Morris Minor méjì wà, Mercedes kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wà, bọ̀lẹ̀kájà Bedford kan sì wà tí olówó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pákó tuntun sí. A fẹ́ kó gbogbo wọn jáde fún ọjọ́ méjì, kí a sì gba àwọn ìlú tó ní ìtàn kọjá, dípò kí a kàn to ara wa sí pápá kan ní Ìbàdàn kí àwọn èèyàn wá máa ya fọ́tò.

Ọ̀nà tí mo ní lọ́kàn ni pé kí a gbéra ní Gbọ̀ngàn Màpó, kí a gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, kí a sùn síbẹ̀, kí a sì gba Adó-Àwáyè, Èrúwà àti Igbó-Ọrà wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kejì. Àkòrí ni kò tíì yé wa. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi ṣe ti òmìnira 1960, kí a wọ aṣọ ìgbà yẹn, kí a sì ta àsíá mọ́ ọkọ̀. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n n kò ní èyí tó sàn jù ú lọ lọ́wọ́. Mo tún fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ rí, oṣù tó dára, àti ohun tó sábà máa ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́.

Akọ̀wé Ìtàn, Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ fi òmìnira sílẹ̀. Ọdún 1960 gan-an ni Peugeot ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 404, a jẹ́ pé ọkọ̀ tiyín dé lẹ́yìn òmìnira ní ọdún méje, ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù rí. Ohun tó bá ọkọ̀ mu jù ni ọ̀nà. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní 1906 ni a máa ń kà sí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mọ́tò lè rìn ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ìjọba sì ń fẹ́ ọ̀nà tí yóò máa kó ẹrù òkè wá bá a.

Àkòrí yín nìyẹn. Ẹ gbéra ní Ìbàdàn, ẹ dúró ra ọsàn ní Fìdítì gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò ṣe ń ṣe láti ayébáyé, ẹ kí ààfin ní Ọ̀yọ́, ẹ sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kan ti tó. N kò rí ìdí tí ọkọ̀ arúgbó yóò fi lọ máa sùn ní Ìsẹ́yìn.

Ìyá Òfì, Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi. Ilé tí wọ́n ti ń hun òfì ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ìlú mi. Bí wọ́n bá dá ìrìn-àjò yìí dúró sí Ọ̀yọ́, ìrìn tí gbogbo èèyàn ń rìn lójoojúmọ́ ni wọ́n rìn. Àkòrí tí Ọmọ Onípíjò ń wá wà nínú àwọn ìlú tó kà sílẹ̀. Aṣọ ni. Ẹ wo àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n yà sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí òpó náà wà, kí ẹ parí rẹ̀ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Ìbàdàndùn lórí igbá níbẹ̀ gba ẹ̀bùn. Ìsẹ́yìn ni ẹ ó ti rí òfì ní àárín méjèèjì.

Ẹ má fi ọdún pín àwọn ọkọ̀ sí ẹgbẹ́, nítorí ìyẹn á kó gbogbo Ìjàpá sójú kan. Ọ̀dà ara wọn ni kí ẹ fi pín wọn. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá jọ tíì oníwàrà, ẹgbẹ́ sányán ni. Èyí tó bá pupa, àlàárì ni. Èyí tó bá dúdú tàbí tó jọ aró, ẹtù ni. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan so ọ̀já aṣọ tirẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọ̀já kan ṣoṣo tí wọn kò tíì rán mọ́ èkejì, bó ṣe ń ti orí òfì bọ̀ ní fífẹ̀ ínǹṣì mẹ́rin.

Ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó rí ilẹ̀ gbọọrọ kan níwájú àwọn ahunṣọ, yóò sì dà lójú yín bí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ibẹ̀ ni òwú wọn nà dé, tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kí ó má bàa dẹ̀, bí ẹni tó jókòó sídìí òfì sì ṣe ń hun ún ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Táyà tó bá gorí òwú yẹn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan tó bá ta sí i, kò ní ṣeé fọ̀. Ọkọ̀ àlejò kan gun òwú àlàárì àbúrò bàbá mi nígbà kan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sanwó, ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó ni òwú náà, ìgbéyàwó sì ti ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí kí ẹ tó wá, kí ọkọ̀ kankan má sì wọ àdúgbò òfì. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn débẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìjàpá, Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Ìyá wa, aláwọ̀ ewé ni Ìjàpá tèmi. Ẹgbẹ́ wo ni n ó wà?

Ìyá Òfì, Ọjọ́ Ajé, 10:21 alẹ́

Ẹ so ọ̀já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa tún ti gbogbo wọn ṣe lójú ọ̀nà.

Àgbà Dírẹ́bà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní 1969, bọ̀lẹ̀kájà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ẹ kò fi ti Bedford sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ nípa aṣọ àti ìtàn, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó lè pa èèyàn. Ọwọ́ wo ni sítíárìn àwọn ọkọ̀ yìí wà?

Apá òsì títì ni à ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ìjọba sì ní kí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Mo rántí bí mo ṣe wa máìlì díẹ̀ àkọ́kọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi sì ń pariwo "ọ̀tún, ọ̀tún" láti ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń fọwọ́ òsì júwe fún àwọn èrò. Ọkọ̀ tó bá ti wọ ìlú ṣáájú ọjọ́ yẹn, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ sábà máa ń wà, àyàfi tí wọ́n bá ti yí i padà.

Ẹni tó bá jókòó sápá ọ̀tún tó sì ń rìn lápá ọ̀tún, ìdí tírélà tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni yóò máa wò. Kò ní rí ohun tó ń bọ̀ títí imú ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ sí àárín títì tán. Ẹni tó jókòó lápá òsì ni ojú rẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọdé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì péré ṣe àdéhùn, "yà" àti "dúró". Kí ó má sọ "mo rò pé" rárá. Kí ẹ tó bọ́ sọ́nà, ẹ lo òwúrọ̀ kan láti fi ṣe ìdánrawò.

Ní ti Màpó, ẹni tó dá a lábàá kò tíì gbé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti dàgbà sọ̀ kalẹ̀ ní òkè yẹn láàárín èrò ọjà. Ẹ má ṣe é.

Agbẹjọ́rò Bódìjà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Òfin ìrìnnà wa lónìí kò fàyè gba kí èèyàn máa wa ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kiri. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ orí ọkọ̀ ni yóò gbà á sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí FRSC ṣáájú, kí ẹ to nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti wákàtí tí ẹ ó gbà á sínú rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè fún ìwé àṣẹ àti ọkọ̀ wọn kan tí yóò ṣáájú yín. Bí wọn kò bá fún àwọn tí sítíárìn wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní àṣẹ, orí tírélà pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi gbé wọn, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìta ààfin nìkan.

Kí gbogbo páàtíkúlà pé, kí ẹ̀rọ apaná àti àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì de bẹ́líìtì sí ìjókòó iwájú bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà.

Àgbà Dírẹ́bà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:58 àárọ̀

Wọn kò dá mi dúró rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo fi ń wà á, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró mọ̀ mí. Kí wọ́n ṣe bí agbẹjọ́rò ti wí.

Mẹkáníìkì Ìjàpá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ mi. Ohun tí yóò dá yín dúró kì í sábà jẹ́ ńlá. Ooru ni. Bí ọ̀sán bá mú, tí ẹ sì ń rìn bí ìgbín lẹ́yìn ara yín, epo á hó nínú páìpù tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, á di oru, pọ́ǹpù àtijọ́ kò sì lè fa oru. Ọkọ̀ á kú láìkọ́. Ẹ ó máa yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì yóò fi kú tẹ̀lé e, ẹnìkan á sì pariwo pé iná ni kò dé pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ má yí nǹkan kan. Ẹ ki àkísà bọ omi tútù, ẹ wé e mọ́ pọ́ǹpù epo, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ sì lọ jókòó sábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkísà àti gálọ̀ọ̀nù omi kan kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ kankan.

Ìjàpá kò ní radiétọ̀, nítorí náà àwọn kan rò pé kò lè gbóná. Irọ́ ni. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáánù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì àti jẹnẹrétọ̀. Bí iná pupa bá tàn lójú dáṣíbọọ̀dù yín lójijì, bóyá bẹ́líìtì ti já. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ẹ kọ́kọ́ dé abúlé tó wà níwájú. Ẹ́ńjìnnì méjì ni mo ti tú nítorí abúlé tó wà níwájú.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ tí kì í jáde máa ń ní táyà tí eyín rẹ̀ dán bí tuntun, ṣùgbọ́n tí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Irú rẹ̀ ló ń bẹ́. Bákan náà, òjé wà nínú epo ìgbà tí wọ́n ṣe àwọn ọkọ̀ yìí, òjé náà ló sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù. Kò sí òjé nínú epo mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má fi tagbáratagbára tẹ ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tíì pààrọ̀ ìjókòó fáàfù rẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì dání nínú bùùtù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ lè máà rí epo gidi rà láàárín Ìsẹ́yìn sí Èrúwà.

Ọmọ Ìbàràpá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:04 ọ̀sán

Mẹkáníìkì, ẹ̀yin gan-an ni kò yẹ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn. Iwájú ni táńkì Ìjàpá wà, ibẹ̀ náà ni bùùtù rẹ̀ wà. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n to epo lé epo níwájú orúnkún awakọ̀ ni? Epo wà ní Lánlátẹ̀, ó sì wà ní Èrúwà. Kí gbogbo ọkọ̀ kún bámúbámú ní Ìsẹ́yìn, kí ọkọ̀ òde òní kan tó ń tẹ̀ lé wọn sì gbé díẹ̀ dání sẹ́yìn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i.

Mẹkáníìkì Ìjàpá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:11 ọ̀sán

Mo gbà. Ti Peugeot ni mo ń rò nígbà tí mo kọ ọ́. Bọ̀lẹ̀kájà ni kí ó gbé epo náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Àgbà Dírẹ́bà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:40 ọ̀sán

Bọ̀lẹ̀kájà tí ó kó èrò kì í gbé epo. Ọkọ̀ òde òní ni.

Ará Peckham, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:47 alẹ́

Ẹ kú àtìlé o. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, mo sì máa ń lọ wo àwọn ọkọ̀ tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Brighton ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, ìrìn náà sì jẹ́ nǹkan bí máìlì ọgọ́ta. Wọ́n máa ń fa àsíá pupa ya kí wọ́n tó gbéra, nítorí pé ní ọdún 1896 ni wọ́n yí òfin tó mú kí ẹnìkan, tó ń gbé àsíá pupa níbẹ̀rẹ̀, máa rìn níwájú mọ́tò padà, ọdún yẹn náà ni ìrìn àkọ́kọ́ wáyé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ nínú rẹ̀ ni pé wọn kì í fún ẹni tó kọ́kọ́ dé ní ẹ̀bùn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé Brighton ṣáájú aago mẹ́rin ààbọ̀ gba mẹ́dàlì, ó tán. Bí ẹ bá gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó yára jù, ẹ ó rí arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún tí yóò máa lé Ìjàpá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ fún wọn ní ìwé ìbéèrè dípò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó jẹ́ pé ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ tó sì bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nìkan ni yóò rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ pín ọkọ̀ mẹ́rìnlá yẹn sí mẹ́ta, kí ogún ìṣẹ́jú sì wà láàárín ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Ìdí ni pé ọkọ̀ mẹ́rìnlá tó tò tẹ̀lé ara wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yà wọ́n sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á bínú, wọ́n á sì máa fipá yà wọ́n ní kọ́nà.

Akọ̀wé Ìtàn, Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Ará Peckham. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ẹ má fojú kéré 404 Ọmọ Onípíjò. Irú ọkọ̀ yẹn ló borí nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, àti ní 1966, 1967 àti 1968 tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn kò lè rẹ̀ ẹ́.

Mo sì ti fà sẹ́yìn lórí Ọ̀yọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ gba Moníyà àti Ìjàyè. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, kìlómítà 65 ni, tírélà kò sì pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìjàyè tí ẹ ó gbà kọjá ni ìlú Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ogun Ìbàdàn run ní 1862 lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti ń jà.

Ìyá Òfì, Ọjọ́rú, 7:50 àárọ̀

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀nà 1906 ni àkòrí. Lónìí, ẹ ti fò ó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan.

Akọ̀wé Ìtàn, Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Kí wọ́n gba ti Ọ̀yọ́ lọ bí wọ́n bá rí ọkọ̀ FRSC tí yóò ṣáájú wọn. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n gba Ìjàyè. Ìtàn kò ju ẹ̀mí èèyàn lọ.

Ọmọ Ìbàràpá, Ọjọ́rú, 12:33 ọ̀sán

Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ọjọ́ kejì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Láti Ìsẹ́yìn, ẹ ó gba Adó-Àwáyè, Máyà, Lánlátẹ̀, Èrúwà, kí ẹ tó dé Igbó-Ọrà. Ní Adó-Àwáyè, gbogbo èèyàn ni yóò fẹ́ gun òkè lọ wo adágún Ìyáàkẹ̀ tó wà lórí àpáta. Àtẹ̀gùn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni ẹ ó gùn, ẹ ó sì tún máa fi ọwọ́ di àpáta mú lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá gùn ún tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sídìí sítíárìn lójú ẹsẹ̀. Èmi yóò ní kí ẹ yan ènìyàn kan péré nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe awakọ̀, kí àwọn yòókù dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú. Wákàtí méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún un, ẹ má kọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má sọ àwọn ọmọ ibẹ̀ di ìran, kí ẹ máa to àwọn Táyé àti Kẹ́hìndé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbígbóná láti fi ya fọ́tò. Ẹ ránṣẹ́ sí ààfin kí ẹ tó dé, wọn yóò sì fúnra wọn yan ìbejì àgbàlagbà méjì tí yóò bá yín gun bọ̀lẹ̀kájà kúrò nílùú. Àwọn ará ibẹ̀ yóò rántí ìyẹn pẹ́.

Kí gbogbo ọkọ̀ ti wọ Abẹ́òkúta kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ọ̀nà yín tó Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá létí ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gbé ètò ìrìn yín sójú Facebook kí ọjọ́ náà tó kọjá. Iná ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣáájú 1967, bátìrì oní-volt mẹ́fà (6V) ló ń tàn án, kò sì mọ́lẹ̀ ju àtùpà lọ. Kò sí ẹni tó yẹ kó wà lójú títì lálẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Onípíjò, Ọjọ́rú, 8:19 alẹ́

Orí mi wú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti gba àkòrí aṣọ, àwọn tó ń fẹ́ òmìnira náà ti gbà. Apá ọ̀tún ni sítíárìn 404 mi wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Morris méjèèjì, a ó sì kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Oṣù kẹjọ ni a ń rò, nítorí ìgbà náà ni àwọn tó wà lókè òkun máa ń wálé. Ẹnìkan ní kí a sún un sí oṣù kẹwàá kí a lè bá àjọ̀dún ìbejì Igbó-Ọrà pàdé.

Ìyá Òfì, Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́

Ṣé obìnrin wà láàárín yín? Bí ó bá wà, ẹ má fúnra yín mú ọjọ́ kankan kí ẹ tó béèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ ààfin ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó gbà. Ní Ìsẹ́yìn, bí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta, àlejò ni tàbí ọmọ ìlú. Ẹ ó kàn dé ni, ẹ ó sì bá ìlú tó pa rọ́rọ́, kò ní sí ẹni tí yóò fi òfì hàn yín. Lẹ́tà kò tó o. Kí àgbà méjì lọ fúnra wọn, kí wọ́n wọ aṣọ tó bójú mu, kí wọ́n sì lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú.

Ọmọ Ìbàràpá, Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Ẹ má bọ́ sínú àjọ̀dún ìbejì. Láti 2018 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni èrò ti ń wọ́ síbẹ̀, ẹ kò ní rí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò sì sí ẹni tí yóò wo ọkọ̀ yín nígbà tí ìbejì kún ìgboro. Òjò ṣì ń rọ̀ ní oṣù kẹwàá pẹ̀lú. Àárín oṣù kọkànlá ni kí ẹ lò. Òjò ti dá, ọyẹ́ kò tíì mú débi tí eruku yóò fi bo gbogbo nǹkan, ìrìn ọdún Kérésì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Dírẹ́bà, Ọjọ́bọ, 5:55 àárọ̀

Mo sun ọ̀rọ̀ Màpó yìí, mo sì ronú sí i. Òpó tí ìyàwó wa láti Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí mi lọ́kàn padà, ìyá mi ní Ìbàdàndùn kan tí ó máa ń ró lọ sí òde. Ẹ gun Màpó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn ọlọ́jà tó pàtẹ. Jíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ má máa tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ títí yóò fi gbóná. Kí bọ̀lẹ̀kájà má gun òkè náà rárá. Kí ó dúró dè yín nísàlẹ̀, n ó sì wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá ní àyè fún arúgbó kan.

Ọmọ Onípíjò, Ọjọ́bọ, 7:30 àárọ̀

Bàbá, ìjókòó iwájú ni tiyín, lápá òsì. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa sọ "yà" àti "dúró". Ó ku bẹ́líìtì fáánù 404, mo ti wá a kiri Ìbàdàn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, ó sì ti sán.

Mẹkáníìkì Ìjàpá, Ọjọ́bọ, 7:48 àárọ̀

Ẹ má ra èyí tó sán yẹn. Ẹ tú ti ara ọkọ̀ náà, ẹ fi okùn wọn ìwọ̀n rẹ̀ yípo, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi ìwọ̀n méjèèjì ránṣẹ́ sí mi níbí. Ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ló bá a mu. N ó mú méjì wá bá yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.